Lẹ́tà Kan Ṣoṣo

Nígbà tí mo wà ní ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, ọmọ tí ó bá sọ Yorùbá nínú ọgbà ni wọ́n máa ń gbé « signal » kọ́ lọ́rùn. Ọ̀rẹ́ mi kan, tí a jọ ń jókòó lórí àga kan náà, gbé e kọ́rùn títí ó fi pa ẹnu mọ́ pátápátá. Olùkọ́ wa ní ọ̀rọ̀ kì í wọ̀ ọ́ létí. Èmi náà gbà bẹ́ẹ̀. Ó fi ilé ẹ̀kọ́ sílẹ̀ kí a tó ṣe ìdánwò àṣejáde.

Ìwúkàrà ni ó mú mi tún ọ̀rọ̀ náà rò. Ohun tíntín yìí, tí ń mú búrẹ́dì wú, tí ó sì ń mú ẹmu kan, sẹ́ẹ̀lì kan péré ni gbogbo ara rẹ̀. Síbẹ̀, ó mọ ìgbà tí nǹkan bá yí padà ní àyíká rẹ̀. Bí « azote » tí ó ń jẹ bá wọ́n, awọ ara sẹ́ẹ̀lì ni yóò kọ́kọ́ mọ̀. Prótéìnì kan yóò jẹ́ iṣẹ́ náà fún èkejì, èkejì fún ẹ̀kẹta, títí yóò fi dé ọ̀dọ̀ àwọn jíìnì. Nígbà náà ni àwọn sẹ́ẹ̀lì yóò gùn, wọn yóò so mọ́ ara wọn bí okùn, wọn yóò sì máa nà lọ bíi gbòǹgbò láti wá oúnjẹ.

Ṣùgbọ́n ẹ̀yà ìwúkàrà kan wà tí kì í ṣe bẹ́ẹ̀. S288c ni orúkọ rẹ̀. Lára èso ọ̀pọ̀tọ́ jíjẹrà tí a rí ní Kalifọ́níà ní ọdún 1938 ni púpọ̀ nínú ìran rẹ̀ ti wá. Òun ni àwọn onímọ̀ ń lò jù lọ. ADN tirẹ̀ ni wọ́n kà tán ní 1996, tí ó tó nǹkan bíi mílíọ̀nù 12 lẹ́tà. Ní ọdún yẹn kan náà, Gerald Fink àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Amẹ́ríkà ṣàlàyé ohun tí ó ṣe é. Nínú jíìnì kan tí à ń pè ní FLO8, lẹ́tà G kan ti di A. Ó dà bí ẹni pé a fi àmì ìdánudúró sí àárín gbólóhùn: prótéìnì náà kò parí. Nígbà tí wọ́n fi FLO8 tí ó pé sí i nínú, ó nà bí àwọn yòókù.

Etí rẹ̀ kò di rárá. Iṣẹ́ náà ń wọlé. Ẹni tí yóò ṣe é ni kò sí.

N kò sọ pé inú ẹ̀jẹ̀ ni ìdákẹ́jẹ́ ọ̀rẹ́ mi ti wá. Àwa ni a fi àmì ìdánudúró sí i lẹ́nu. Àṣìṣe wa ni pé a wo ohun tí kò jáde, a sì dájọ́ pé kò sí ohun tí ó wọlé.

Nísinsìnyí, bí akẹ́kọ̀ọ́ bá dákẹ́ sí ìbéèrè mi ní èdè Faransé, mo máa ń tún un bi í ní Yorùbá. Nígbà tí mo kọ́ wọn ní ẹ̀kọ́ FLO8, ọmọbìnrin kan tí kì í sọ̀rọ̀ rí ni ó ṣàlàyé rẹ̀ fún gbogbo kíláàsì: « Ìránṣẹ́ dé, kò bá onílé. »

N kò rí àlàyé tí ó dára ju ìyẹn lọ nínú ìwé kankan.