Igi tí wọ́n ń bọ̀wọ̀ fún

Àlejò ilẹ̀ òkèèrè ń wá gbàdúrà ní ṣọ́ọ̀ṣì kan ní Ìkọ̀tún, ní Èkó. Bí èèyàn bá bá wọn sọ̀rọ̀ olúwéré, iwin inú ìrókò, wọ́n á ní kó lọ gba ìtúsílẹ̀.

Ṣùgbọ́n ní Àgbádárìgì, abẹ́ igi Àgíyà ni wọ́n ti wàásù Jésù ní 1842. Igi náà wó ní 1959, ni wọ́n bá gbé ohun ìrántí dúró síbẹ̀. Wọn ò bọ ọ́ o, wọ́n kàn ń bọ̀wọ̀ fún un ni!

Àwọn ará Wídà, ní Benin, kò fi tiwọn bò. Ìrókò kan wà nínú igbó Kpassè tí wọ́n ní ọba Kpassè fúnra rẹ̀ ló dì í. Àlejò á gbọ́wọ́ lé e, á sì tọrọ ohun tó ń fẹ́.