Ojú Olójú Kò Jọ Ojú Ẹni

Ní Ìsàlẹ̀ Èkó, agboolé kì í ṣe ibùsùn lásán. Láti ibẹ̀ ni ènìyàn ti ń rí onígbọ̀wọ́, èsúsú àti àyè ìtajà. Bí ẹbí bá lé ọmọkùnrin jáde nítorí pé ó ń fẹ́ ọkùnrin, tàbí pé ó ń múra bí obìnrin, òṣì ti bẹ̀rẹ̀.

Ta ni yóò ka irú wọn? Òfin ọdún 2014 ní ẹ̀wọ̀n ọdún 10 ni fún ẹni tó bá dara pọ̀ mọ́ ẹgbẹ́ wọn. Ta ni yóò wá jẹ́wọ́ fún àjèjì tó gbé ìwé ìbéèrè dání? Nítorí èyí ni àkọsílẹ̀ àjọ The Initiative for Equal Rights, tí a dá sílẹ̀ ní Èkó ní ọdún 2005, fi wúlò: ó sọ ti ilé tí a lé wọn kúrò àti owó tí a fi ìhàlẹ̀ gbà lọ́wọ́ wọn. Ojú olójú kò jọ ojú ẹni.