Ta Ló Bá Wa Pa Ìtàn Wa Mọ́?

Ẹni tó bá gba òpópónà Bajulaiye kọjá ní Ṣómólú, nílùú Èkó, yóò gbọ́ ìró ẹ̀rọ ìtẹ̀wé kó tó rí i. Káàdì ìgbéyàwó, ìwé ètò ìsìnkú, kàlẹ́ńdà àti páálí ọjà ló kún ọwọ́ wọn níbẹ̀ báyìí. Láyé ìjọ́sí, ìtàn àròsọ náà ń rí àyè tirẹ̀. Olùkọ́, ọmọ iléèwé gíga, télọ̀, ẹnikẹ́ni tó bá kọ ìtàn tí àwọn ilé iṣẹ́ ìwé ńlá kò dá a lóhùn, Ṣómólú ló ń gbé e wá. Á dúnàádúrà, á san àsansílẹ̀, á máa wá yọjú títí wọn yóò fi gé etí ìwé náà, tí wọ́n á sì fi píìnì kàn án pọ̀. Òun fúnra rẹ̀ ni yóò kó o sínú báàgì lọ sí iléèwé, ṣọ́ọ̀ṣì àti ibùdókọ̀.

Bí irú ìwé bẹ́ẹ̀ bá wọ ilé kan ní Bàrígà, yóò ti yí gbogbo ojúlé po kó tó padà sọ́wọ́ ẹni tó rà á, èèpo ẹ̀yìn rẹ̀ á sì ti ya. Bẹ́ẹ̀ náà ni Atọ́ka, ìwé àtìgbàdégbà tí West African Book Publishers ń gbé jáde ní Ìlúpéjú, lódìkejì títì Ìkòròdú sí Ṣómólú. Láti 1967 ni wọ́n ti ń ya fọ́tò àwọn òṣèré tíátà Yorùbá, tí wọ́n ń fi ọ̀rọ̀ sí wọn lẹ́nu lójú ìwé, ó sì lé lógún ọdún tí wọ́n fi ṣe é. Ẹni tí kò rówó wọ tíátà, inú Atọ́ka ló ti mọ eré.

Pléètì tí wọ́n fi tẹ̀wé kì í pẹ́ kó tó dọ́wọ́ àwọn tó ń ra irin àlòkù. Ẹ̀dà tó wà nílé òǹkàwé ló ń kù. Lójú tèmi, ohun tó gba púpọ̀ nínú àwọn ìtàn náà là nìyẹn: wọ́n ti fọ́n ká.

Lónìí, ọ̀dọ́ Bàrígà tó ní ìtàn nínú kò nílò Ṣómólú mọ́. Orí fóònù ló ti ń kọ ọ́, nínú dánfó, nídìí ọjà, lórí bẹ́ǹṣì ìta nígbà tí wọ́n bá mú iná lọ. Owó dátà ni gbogbo ìnáwó rẹ̀. Àwọn tó ń kà á wà ní Akókà, wọ́n wà ní Lọ́ńdọ̀nù, wọ́n sì ń bẹ̀ ẹ́ pé kó jọ̀ọ́, kó gbé orí kejì jáde. Inú mi dùn sí èyí gan-an. Ohun tó ń kọ mí lóminú ni pé ìtàn náà kò sí nílé ẹnì kankan nínú wọn. OkadaBooks, ìkànnì ìwé tí Okechukwu Ofili dá sílẹ̀ lọ́dún 2013, gba irú àwọn òǹkọ̀wé bẹ́ẹ̀ mọ́ra. Ní ọgbọ̀njọ́ oṣù kọkànlá ọdún 2023, ó kógbá wọlé. Ibi tí òǹkàwé mọ ìtàn rẹ̀ sí di òfo.

Ìtàn tó ti sá lójú ayé ṣeé dá padà, bí ẹ̀dà bá ṣì wà níbì kan. Láàárín 1929 sí 1930, Isaac B. Thomas ń tẹ lẹ́tà obìnrin kan tó ń jẹ́ Sẹ̀gilọlá sínú ìwé ìròyìn rẹ̀, Akéde Èkó. Thomas fúnra rẹ̀ ló ń kọ wọ́n, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ará Èkó gbà pé obìnrin náà wà láàyè lóòótọ́. Lọ́dún 1930 ó sọ àwọn lẹ́tà náà di ìwé. Ọdún 2012 ni ọ̀mọ̀wé Karin Barber tún gbé e jáde pẹ̀lú ìtumọ̀ Gẹ̀ẹ́sì, nítorí pé ẹ̀dà rẹ̀ kò pa rẹ́.

Lókè òkun, AO3, ilé ìpamọ́ orí íńtánẹ́ẹ̀tì fún ìtàn àwọn òǹkọ̀wé tí kì í gbowó iṣẹ́, ní iṣẹ́ àkànṣe kan tó ń bá a rìn tí wọ́n ń pè ní Open Doors. Bí ibi tí ìtàn wà bá fẹ́ parẹ́, wọ́n á kó wọn wá sọ́dọ̀. Wọ́n á wá òǹkọ̀wé kàn, ẹni tó bá sì ní òun kò fẹ́ kí ìtàn òun wà níta mọ́, wọ́n á yọ ọ́ kúrò. Apá yìí ni mo fẹ́ràn jù. Òǹkàwé lè fẹ́ràn ìtàn ju ẹni tó kọ ọ́ lọ, kò sọ ìtàn náà di tirẹ̀.

Irú iṣẹ́ yìí kò kọjá agbára wa. Ẹ̀yin tí ẹ ní Atọ́ka lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ẹ̀yin tí ẹ fi ìtàn kan pamọ́ sórí fóònù tí ẹ kò lò mọ́, ẹ má ṣe jù ú nù. Ẹ wá ẹni tó kọ ọ́ kàn, ẹ bi í bóyá ẹ̀dà tirẹ̀ ṣì wà. Ẹ̀yin òǹkọ̀wé, ẹ̀rọ tó wà ní Ṣómólú báyìí lè tẹ ogún ẹ̀dà péré fún yín. Ẹ tẹ̀ ẹ́. Kí ẹ sì fi mẹ́ta ránṣẹ́ sí National Library: òfin ọdún 1970 ló ní kí ẹni tó bá tẹ ìwé jáde ṣe bẹ́ẹ̀.