Ẹ̀rọ Dé, Ta Ni Yóò Tún Un Ṣe? Àkọsílẹ̀ láti Ìlobùú àti Ìfọ́n-Ọ̀ṣun

Òṣogbo ni wọ́n ti ń darí iná mànàmáná gbogbo Nàìjíríà. Iṣẹ́ àwọn tó wà níbẹ̀ ni kí iná tó ń jáde láti àwọn ilé iṣẹ́ amúnáwá àti iná tí gbogbo wa ń lò máa dọ́gba, ní ìṣẹ́jú dé ìṣẹ́jú, kí ìyípo iná náà má yẹ̀ jìnnà sí 50 Hz. Tó bá yẹ̀ jù, àwọn ẹ̀rọ yóò já ara wọn sílẹ̀ kí wọ́n má baà bàjẹ́, a óò sì gbọ́ lórí rédíò pé gíríìdì ti wó. Léraléra ló wó ní 2024. Ìlobùú kò jìnnà sí Òṣogbo rárá, Ìfọ́n sì fara ti Ìlobùú débi pé àlejò kì í tètè mọ ibi tí ọ̀kan parí sí. Síbẹ̀, ìtòsí yẹn kò bù kún iná wọn.

Ohun tó ń pọ̀ sí i lórí òrùlé ni pánẹ́ẹ̀lì sólà. Owó epo ló lé àwọn èèyàn débẹ̀. Kí ìjọba àpapọ̀ tó yọ owó ìrànwọ́ ní May 2023, iye tí ilé epo ìjọba ń ta lítà bẹntiróò kan ò tó ₦200. Kí 2024 tó parí, ó ti wà ní nǹkan bí ₦1,000. Aránṣọ, onígbàjámọ̀ àti ẹni tó ń ta omi tútù ò dúró de ètò ìjọba kankan. Wọ́n dá àjọ, wọ́n kó o, wọ́n ra pánẹ́ẹ̀lì kan, wọ́n bẹ̀rẹ̀ láti ibẹ̀.

*

Ní June 2013 ni ìjọba Ọ̀ṣun lábẹ́ Gómìnà Rauf Arẹ́gbẹ́ṣọlá ṣí aṣọ lójú Ọpọ́n Ìmọ̀, ẹ̀rọ pẹlẹbẹ fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ sẹ́kọ́ńdírì àgbà. Ìwé 56 ló wà nínú rẹ̀ fún iṣẹ́ ẹ̀kọ́ 17, pẹ̀lú àwọn ìbéèrè ìdánwò WAEC, NECO àti JAMB ti àwọn ọdún tó ti kọjá. Kò nílò íntánẹ́ẹ̀tì. 150,000 ni wọ́n ní àwọn fẹ́ pín.

Èrò tó dára ni, mo sì gbà bẹ́ẹ̀ títí di òní. Bàbá tí kò lágbára láti ra ìwé físíìsì kan ṣoṣo rí ọmọ rẹ̀ tó gbé odindi yàrá ìwé kan lọ́wọ́. Ẹni tó ronú kan íntánẹ́ẹ̀tì tí kò dúró déédéé, tó wá kó gbogbo ìwé sínú ẹ̀rọ, mọ ìlú tó ń bá lò. Owó tí wọ́n ná sí i ni ọ̀pọ̀ èèyàn ń jà sí nígbà náà. Èmi, ohun tó ń dùn mí ni ìbéèrè tí kò gbayì tó bẹ́ẹ̀: nígbà tí ojú ẹ̀rọ bá fọ́ mọ́ ọmọ kan lọ́wọ́ ní Ìfọ́n, ibo ni yóò gbé e lọ? Ta ló kọ́ni bí wọ́n ṣe ń tú u? Ibo ni wọ́n ti ń ta bátìrì rẹ̀?

*

Àwọn tó lè dáhùn, ìyẹn àwọn tó ń tún fóònù ṣe, wà lábẹ́ agboòrùn lẹ́bàá ọjà. Tábìlì kékeré, irin gbígbóná tí wọ́n fi ń yọ́ òjé, búrọ́ọ̀ṣì, awò tí wọ́n fi ń wo ohun tíntìntín. Ọmọ iṣẹ́ yóò kọ́kọ́ máa gbálẹ̀, yóò máa lọ ra ojú fóònù wá, lẹ́yìn náà wọn yóò jẹ́ kó pààrọ̀ ẹnu ṣájà lára fóònù tó ti kú tán, kó tó fọwọ́ kan ti oníbàárà. Bó bá mọ̀ ọ́n, wọn a ṣe fìrídọ̀mù fún un, pẹ̀lú àdúrà, ìrẹsì àti fọ́tò. Ilé ẹ̀kọ́ ni ibẹ̀. Kò sí ìwé, ṣùgbọ́n ìlànà wà, ìdánwò wà, ọ̀gá sì ń fi orúkọ rẹ̀ dúró fún iṣẹ́ ọmọ rẹ̀.

Bí ìjọba ìbílẹ̀ Irẹ́pọ̀dùn, tó fi Ìlobùú ṣe ibùjókòó, àti Orólú, tó fi Ìfọ́n ṣe tirẹ̀, bá fẹ́ ná owó lórí ìmọ̀ ẹ̀rọ, àwọn ọ̀gá wọ̀nyí ni kí wọ́n kọ́kọ́ pè jókòó. Kí wọ́n kọ́ wọn ní invẹ́tà àti bátìrì lítíọ́ọ̀mù, kí wọ́n fún wọn ní àwọn irinṣẹ́ tó wọ́n jù fún ẹnì kan.

*

August 2001 ni fóònù alágbèéká GSM dé Nàìjíríà. Ṣáájú rẹ̀, gbogbo ìlà tẹlifóònù orílẹ̀-èdè yìí kò tó mílíọ̀nù kan. Mi ò mọ ẹnikẹ́ni tó sọ nígbà náà pé fóònù ni yóò di báǹkì fún alátà.

*

Ó di báǹkì lóòótọ́. Nígbà tí owó náírà wọ́n bí ojú ní ìbẹ̀rẹ̀ 2023, oní-POS, tó ń fi ẹ̀rọ kékeré san owó fúnni lẹ́bàá ọ̀nà, ló gba ọ̀pọ̀ ilé lọ́wọ́ ebi. Ṣùgbọ́n ìyá àgbà tí kò kàwé yóò na káàdì rẹ̀, yóò sì pe nọ́ńbà àṣírí rẹ̀ sókè, nítorí ẹ̀rọ náà ń fi Gẹ̀ẹ́sì bá a sọ̀rọ̀. Google Translate ti gba Yorùbá láti 2013, Common Voice ti Mozilla sì ń gba ohùn wa sílẹ̀ láti fi kọ́ ẹ̀rọ ní èdè wa. Ohùn irú àwọn ìyá bẹ́ẹ̀ ni mo fẹ́ kó pọ̀ níbẹ̀.

*

Ní ìbẹ̀rẹ̀ 2025, ìjà ààlà láàárín Ìlobùú àti Ìfọ́n gba ẹ̀mí, ó jó ilé, ìjọba ìpínlẹ̀ sì kéde kónílé-ó-gbélé. Ọ̀rọ̀ yìí ń bà mí nínú jẹ́, nítorí àwọn tó fẹ́ra, tó bímọ fún ara wọn, ni wọ́n ń sá fún ara wọn.

Ìmọ̀ tó lè ràn wá lọ́wọ́ lórí ààlà náà kò jìnnà. Ilé ẹ̀kọ́ tó ń kọ́ àwọn ará Áfíríkà bí wọ́n ṣe ń ya àwòrán ilẹ̀ láti òfuurufú wà ní Ilé-Ifẹ̀, nínú ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun kan náà, láti 1972. AFRIGIST ni wọ́n ń pè é báyìí. RECTAS ni tẹ́lẹ̀. Sátẹ́láìtì NigeriaSat-2 tí wọ́n gbé lọ sókè ní 2011, wọ́n ṣe é kó lè rí ohun tó tó mítà 2.5 nílẹ̀. Ṣùgbọ́n sátẹ́láìtì kò mọ ẹni tí bàbá àgbà rẹ̀ gbin pèrègún sí ẹ̀bá oko. Àwọn àgbà ló mọ̀ ọ́n, wọ́n sì ń lọ. Kí àwọn àgbà ìlú méjèèjì bá sọ̀fíyọ̀ rin ààlà náà, kí wọ́n fi GPS mú gbogbo pèrègún, odò àti ahoro. Ibi tí wọn ò bá ti fohùn ṣọ̀kan, kí wọ́n kọ ọ̀rọ̀ Ìlobùú àti ọ̀rọ̀ Ìfọ́n sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, kí ẹ̀dà kan náà wà láàfin Olóbùú àti láàfin Olúfọ́n.

*

Ó ku bátìrì. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó ń bá pánẹ́ẹ̀lì wọlé, òjé ló wà nínú wọn, wọ́n sì máa kú láàárín ọdún díẹ̀. Ní Ògijo, ní ìpínlẹ̀ Ògùn, a ti rí ohun tí yíyọ́ òjé bátìrì àtijọ́ láàárín ìlú lè kó bá ẹ̀jẹ̀ àwọn èèyàn. Odò Ẹrinlẹ̀ tí Ìlobùú ń bọ ló ń ṣàn lọ sínú ìsédò Ẹdẹ, tí wọ́n ti ń fa omi ẹ̀rọ sí àwọn ìlú agbègbè náà. Kí bátìrì àkọ́kọ́ tó kú, ó yẹ kí Irẹ́pọ̀dùn àti Orólú ti jọ yan ibi kan tí a óò máa kó o sí, kí wọ́n sì máa san nǹkan díẹ̀ fún ẹni tó bá gbé e wá, kó má baà di ti ẹni tó ń yọ́ ọ lẹ́yìn ilé.