Ọjọ́ tí Màmá Mú Wa Lọ sí Ibi Kùsà

Ọ̀pọ̀ nínú yín ni ó bá wa yọ̀ nígbà tí Màmá, ìyá tó bí baálé ilé wa, ti Ọ̀fà dé sọ́dọ̀ wa ní Bukuru. Àwọn kan gbé iṣu wá, àwọn kan gbé adìyẹ wá. A dúpẹ́ lọ́wọ́ gbogbo yín. Ohun tí a fẹ́ sọ lónìí ni ìrìn kan tí a bá Màmá rìn ní ọjọ́ Sátidé kan ní ìparí oṣù Ọ̀kitóbà, nítorí pé ẹ̀kọ́ wà nínú rẹ̀ fún gbogbo ilé tó bá ní ọmọ.

Ní 1964 ni Màmá kọ́kọ́ dé ilẹ̀ yìí. Ìyàwó tuntun ni nígbà náà. Bàbá, tí Ọlọ́run ti pè, jẹ́ akọ̀wé ní ilé iṣẹ́ kùsà kan. Ọkọ̀ ojú irin ni Màmá wọ̀ wá láti Ọ̀fà, ó sì máa ń ka ojú ọ̀nà náà fún àwọn ọmọ wa bí ẹni ń ka orúkọ ẹbí: Ìlọrin, Jẹ́bà, Minna, Kaduna, Kafanchan, kí ó tó wá kan Bukuru. Ó ní nígbà tí òun sọ̀kalẹ̀, òtútù mú òun tó bẹ́ẹ̀ tí òun fi bi Bàbá léèrè bóyá ìlú òyìnbó ni ó mú òun wá. A kò lè dá a lẹ́bi. Orí òkè ni gbogbo ilẹ̀ Jos yìí wà. Ó fi nǹkan bí 1,200 mítà ga ju etí òkun lọ.

Iṣẹ́ kùsà ti ń rọlẹ̀ kí ó tó di 1985, nígbà tí owó rẹ̀ já lulẹ̀ ní gbogbo ayé. Ní ọdún kejì ni Bàbá di ẹrù, tí wọ́n padà sí Ọ̀fà. Láti ìgbà náà Màmá kò tíì fojú kan ibẹ̀. Nítorí náà, kò pẹ́ tí ó dé ọ̀dọ̀ wa ni ó wí pé, "Ẹ mú mi lọ sí ibi tí bàbá yín ti ṣiṣẹ́. Mo fẹ́ tún un rí kí n tó padà sílé."

Agogo méje òwúrọ̀ ni a jáde. A di mọ́ínmọ́ín àti búrẹ́dì, a rọ tíì sínú fúláàsì. Kẹ̀kẹ́ Màrúwá gbé wa dé ibi tí ọ̀dà parí sí, a sì fi ẹsẹ̀ rin èyí tó kù. Màmá wọ súwẹ́tà méjì, ó mú ọ̀pá lọ́wọ́. Ẹni tó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pé 80 ọdún ni, ṣùgbọ́n àwa ni à ń bẹ̀ ẹ́ pé kí ó dúró dè wá.

Ẹ̀yin tí ẹ bá ti ń ti ilé dé ṣọ́ọ̀bù, tí ẹ sì ń ti ṣọ́ọ̀bù padà sílé, ẹ kò tíì rí ilẹ̀ tí ẹ ń gbé. Orọ́ ni àwọn Berom fi ṣe ọgbà yí oko wọn ká. Ácha ti pọ́n, ó tẹ́ lọ bí ẹní. Àwọn òkúta ńlá gun ara wọn lórí bí ẹni pé ènìyàn ni ó tò wọ́n. A gun òkè kékeré kan, a jókòó, a jẹun. Láti ibẹ̀ ni a ti rí omi nísàlẹ̀, ọ̀kan níhìn-ín, ọ̀kan lọ́hùn-ún, tí wọ́n ń dán nínú oòrùn. Ọmọ wa kejì kà á dé mọ́kànlá. Ó wá béèrè pé, "Màmá, níbo ni kùsà náà wà?" Màmá wo ìsàlẹ̀ fún ìgbà pípẹ́. Ó fi ọ̀pá na omi kan, ó ní, "Ibẹ̀ yẹn ni."

Ó yẹ kí a ṣàlàyé fún àwọn ọmọ wa tí kò mọ̀. Kuza ni Hausa ń pè é, àwa Yorùbá sì sọ ọ́ di kùsà. Àwọn onílẹ̀ ti ń wà á, wọ́n sì ti ń yọ́ ọ, kí òyìnbó tó dé. Nígbà tí àwọn ilé iṣẹ́ òyìnbó wọlé, wọ́n la ojú irin kékeré láti Zaria dé Jos ní 1914. Ojú irin ńlá tó gba Kafanchan sì dé ní 1927. Nígbà ogun Hitler, tí àwọn ará Japan gba Malaya ní 1942, ìjọba fi ipá kó àwọn ọkùnrin tó lé ní 100,000 wá wa kùsà. Nígbà tí iṣẹ́ náà tán, ihò ni ó kù. Òjò rọ̀ kún un, kò sì sí ẹni tó dí i.

A sọ̀kalẹ̀ lọ sí etí omi tí Màmá fi hàn wá. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti yí padà. Àbíkẹ́yìn wa, ọmọ ọdún méje, sáré ṣáájú wa pé òun rí ẹja. Kí a tó pè é padà, etí ilẹ̀ tí òjò ti rọ̀ já lábẹ́ rẹ̀, ó sì bọ́ sínú omi. Baálé ilé bọ́ bàtà, ó fẹ́ bẹ́ sí i. Ọkùnrin Berom kan, tó ń fi ẹ̀rọ fa omi sí oko ànàmọ́ òyìnbó rẹ̀, ni ó pariwo mọ́ ọn pé kí ó má ṣe wọ̀ ọ́. Ọkùnrin náà sáré dé, ó dojú bolẹ̀ gbalaja, ó na ẹ̀rúkọ́ sí ọmọ náà. Ọmọ dì í mú. Àwa méjèèjì di ẹsẹ̀ ọkùnrin náà mú, a sì fà wọ́n jáde.

Lẹ́yìn èyí ni ó tó ṣàlàyé fún wa. Etí ihò náà kò rọra lọ sílẹ̀ bí etí odò. Ó rí bí ògiri. Ẹrẹ̀ tó ń di ẹsẹ̀ mú ni ó wà nísàlẹ̀ rẹ̀. Bí ẹni kan bá bẹ́ sí i láti gba ẹlòmíràn là, ẹni méjì ni wọn yóò máa wá. Ó ní òun ti bá wọn gbé ọmọ kan jáde nínú omi náà rí, ọmọ náà kò sì mí mọ́.

Màmá kúnlẹ̀ níwájú ọkùnrin náà. Ó yára gbé e dìde, ó ní ìyá òun ni. Èdè Hausa tí Màmá kò ti sọ láti ìgbà tí wọ́n ti kúrò ní Bukuru padà sí i lẹ́nu, àwọn méjèèjì sì sọ̀rọ̀ títí. Ọkùnrin náà kọ owó, ṣùgbọ́n ó gba mọ́ínmọ́ín.

Nígbà tí à ń padà bọ̀, Màmá di ọwọ́ ọmọ náà mú, kò fi í sílẹ̀. Ó sọ fún baálé ilé pé, "Owó tí bàbá rẹ fi rán ọ lọ sí ilé ìwé, inú ihò yẹn ni ó ti wá. N kò mọ̀ pé bí wọ́n ṣe máa fi í sílẹ̀ nìyẹn." A kò rí èsì fún un.

Nítorí náà, ẹ̀yin òbí, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má jẹ́ kí ọmọ yín lọ wẹ̀, tàbí kí ó lọ pọn omi, ní ibi kùsà. Bí ẹ bá ń kọjá níbẹ̀, ẹ di ọwọ́ wọn mú. Bí ẹnìkan bá bọ́ sínú omi, ẹ na igi tàbí okùn sí i, tàbí kí ẹ ju kẹ́ẹ̀gì òfìfo sí i, kí ẹ sì ké sí ènìyàn. Kí ẹ tó jáde ìlú, ẹ béèrè ọ̀nà lọ́wọ́ àwọn onílẹ̀, kí ẹ sì tètè padà. Gbogbo wa ni a mọ ohun tí ojú ti rí ní Jos láti 2001.

Ṣùgbọ́n ẹ má tìtorí èyí jókòó sílé. Ẹ mú àwọn ọmọ lọ sí ilé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé ní Jos, tí wọ́n ṣí ní 1952; ẹ jẹ́ kí wọ́n rí àwọn ère Nok, tí àwọn tó ń wa kùsà hú jáde nínú ilẹ̀. Ẹ lọ wo òkúta Riyom, ẹ lọ wo omi Assop tó ń já bọ́, ẹ gun òkè Shere bí orókún yín bá gbà. Ilẹ̀ tí ọmọ bá mọ̀ ni yóò lè bọ̀wọ̀ fún.

Màmá ti padà sí Ọ̀fà láyọ̀. Ó ní kí a kí gbogbo ẹgbẹ́. Àbíkẹ́yìn wa wà ní àlàáfíà, àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ sì ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́ pé ọmọ Ọ̀fà, ọmọ ìjàkadì, ni ilẹ̀ lásán dá. A ti gbé iṣu méjì lọ fún ọkùnrin Berom náà. Lọ́jọ́ tí a lọ, ìyàwó rẹ̀ di ànàmọ́ òyìnbó kún àpò kan fún wa, nítorí náà àwa ni a tún jẹ ẹ́ ní gbèsè.