Sí Bọ̀dá Atamátàsé ní Houston

Ìjọra Olóyè,
Àpápá,
Ìpínlẹ̀ Èkó.

Bọ̀dá Atamátàsé mi àtàtà,

Ẹ kú ooru Texas tẹ́ ẹ ní ó ju ti Èkó lọ (a ò gbà, ṣùgbọ́n ẹ kú u náà). Ṣé àbíkẹ́yìn yín ṣì ń bèèrè ṣúgà tó bá fẹ́ jẹ ẹ̀bà? Ẹ bá mi fa etí rẹ̀, kẹ́ ẹ tún bá mi gbé e mọ́ra.

Màámi ní kí n kọ́kọ́ bi yín pé, “Ta ní ń lé e tó fi ra ìbọn?” Mo ní kí wọ́n fọkàn balẹ̀, pé pápá ìdánrawò lẹ máa ń lọ ní Sátidé, pé láti ọjọ́ kìíní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2021, ẹni tó bá ti pé ọmọ ọdún 21 ní Texas, tí òfin ò ka ìbọn léèwọ̀ fún, lè gbé ìbọn ìléwọ́ láìgba ìwé àṣẹ. Wọ́n gbọ́ ọ tán, wọ́n ní, “Texas ló gbà, èmi ò tíì gbà.” Ẹ jọ̀ọ́, ẹ pè wọ́n.

Fídíò tẹ́ ẹ ti ń dán ìbọn yín wò ti dé ọ̀dọ̀ gbogbo ayé. Ìsọ̀ Ìyá Ẹlẹ́ja la ti wò ó, níbi tó ti ń la kọ́tẹ́ tó ti gan sínú yìnyín. Ẹ gbé ìbọn sókè, ẹ fún ojú kan pọ̀, dígí red dot orí ìbọn, tí àmì pupa yẹ kó wà nínú rẹ̀, mọ́ kedere, kò sí nǹkan kan nínú rẹ̀. Ẹ tẹ orí sọ́tùn-ún, ẹ tẹ̀ ẹ́ sósì, ẹ ń wá àmì pupa kiri. La bá gbọ́ ohùn ìyàwó wa lẹ́yìn: “Ó ti sá lọ!” Áà! Ìyá Ẹlẹ́ja ju ọ̀bẹ sílẹ̀. Ó ní ẹni tó fi rọ́bà ta alángbá lẹ́bàá rélùwéè, tí òkúta lọ fọ́ ìkòkò omi ìyá oníyàá, ẹni náà gan-an ló wà ní Amẹ́ríkà yìí. (Ẹ ò sì ní mọ ẹ̀gbẹ́ rélùwéè yẹn mọ́. Ọkọ̀ ojú irin aláwọ̀ búlúù ti ń ná Marina sí Mile 2 láti oṣù Kẹsàn-án ọdún 2023, National Theatre tẹ́ ẹ máa ń sá lọ ní Ìgànmú sì ti ń jẹ́ orúkọ Wọlé Ṣóyínká láti ọdún 2024.)

Níbo ni mo bọ́ọ̀rọ̀ dé? Ẹn-hẹ́n, ìsọ̀ Ìyá Ẹlẹ́ja, tí Bàbá Wẹ́dà náà wà níbẹ̀. Bàbá Wẹ́dà dìde, ó ní òun mọ àmì pupa ọ̀hún, pé iná pupa tó máa ń bà sí àyà ọ̀tá nínú fíìmù ni, tí ọ̀tá á wo àyà rẹ̀ tí á sì mọ̀ pé ó ti parí. Mo ní rárá o, lésà nìyẹn, irú èyí tó wà lára ìbọn ìṣeré tí wọ́n ń tà fún ọmọdé ní Ajégúnlẹ̀ nígbà Kérésì. Àmì pupa inú red dot kì í lọ bà sára ẹnikẹ́ni. Inú dígí ló ń gbé, ẹni tó fojú sẹ́yìn ìbọn ló ń rí i.

Ẹ mọ̀ pé dígí awò ojú ni iṣẹ́ mi, n ò lè dákẹ́. Iná kékeré kan wà nídìí dígí náà, ó kọjú sí i. Dígí tẹ̀ díẹ̀, wọ́n sì fi ohun kan kùn ún tó ń dá ìmọ́lẹ̀ pupa padà, tó ń jẹ́ kí ìyókù kọjá. Ìmọ́lẹ̀ tó padà bọ̀ kò fẹ̀ kò sì fún, ojú á wá gbà pé ọ̀nà jíjìn ló ti wá. Ìdí nìyẹn tẹ́ ẹ bá mi orí díẹ̀ tí àmì náà kì í kúrò lórí ohun tẹ́ ẹ ń wò, bí òṣùpá ṣe máa ń bá wa rìn nígbà tá a bá ń fẹsẹ̀ gba Ìjọra Causeway bọ̀ wálé lálẹ́. Ọgbọ́n náà ti pẹ́: Howard Grubb, tó ń ṣe awò ìràwọ̀ ní Dublin, ló gbé e jáde ní ọdún 1900, àwọn ọkọ̀ òfuurufú ogun sì lò ó. Ní 1975 ni ilé iṣẹ́ Aimpoint ní Sweden ṣe èyí tó ń lo bátìrì, fún ìbọn gígùn. Ó kéré títí ó fi gba orí ìbọn ìléwọ́, débi pé Glock, tó ń ṣe ìbọn, bẹ̀rẹ̀ sí í ta ìbọn ìléwọ́ tí wọ́n ti gbẹ́ ààyè rẹ̀ sílẹ̀ ní ọdún 2015.

Inú mi dùn pé ẹ rà á, nítorí ojú yín ti kọjá ogójì ọdún, Bọ̀dá mi, ẹ jẹ́ ká sọ̀tọ́. Lórí ìbọn lásán, góńgó wà lẹ́nu, àfo wà lẹ́yìn, ojú á to méjèèjì mọ́ ohun tá a fẹ́ ta. Ohun mẹ́ta nìyẹn, ojú kò sì lè rí ju ẹyọ kan lọ kedere lẹ́ẹ̀kan náà. Lẹ́yìn ogójì, lẹ́ǹsì inú ojú á máa le, ohun tó wà nítòsí á di bàìbàì, góńgó náà á bá a lọ. Red dot gba ojú lọ́wọ́ wàhálà yìí. Ibi tẹ́ ẹ fẹ́ ta ni kẹ́ ẹ wò, kẹ́ ẹ la ojú méjèèjì (méjèèjì o, ẹ fún ọ̀kan pọ̀ nínú fídíò!), àmì pupa á wá bá yín níbẹ̀. Ẹ rántí Bàbá àgbà tí wọ́n fi ṣakabùlà dẹ̀gbẹ́: ẹran ni wọ́n ní kí ọdẹ wò, kó má wo ìbọn.

Ẹ tún ní ayédèrú ni wọ́n tà fún yín, pé àmì náà kò rí roboto, pé ó nírù. Ẹ má tíì lọ bá ọlọ́jà jà. Ẹ yọ gbogbo ọta, kẹ́ ẹ wá fi kámẹ́rà fóònù wo inú dígí náà. Tó bá rí roboto nínú kámẹ́rà, ojú yín ló ń fà á ya. Astigmatism ni orúkọ rẹ̀: iwájú ẹyinjú, níbi tí ìmọ́lẹ̀ ń gbà wọlé, tẹ̀ sí ìhà kan ju ìkejì lọ. Mo ń rí i lójú àwọn awakọ̀ tírélà tó ń ti wáàfù bọ̀. Wọ́n á ní iná ọkọ̀ tó ń bọ̀ lóru ń yọ ẹsẹ̀. Awò tó bá ojú mu ló máa ń tún un ṣe. Ẹ sì dín ìmọ́lẹ̀ àmì náà kù, tó bá mọ́lẹ̀ jù, ojú tó dá ṣáṣá pàápàá á rí i gbàràgàdà.

Ẹ wá gbọ́ èyí tó ká mi lára jù. Red dot kì í bá èèyàn yìnbọn. Kò ran ọwọ́ lọ́wọ́ rárá, ohun tí ọwọ́ ń ṣe ló ń tú síta. Jíjó tí àmì ń jó nínú dígí yín, ọwọ́ yín ti ń gbọ̀n bẹ́ẹ̀ tipẹ́, góńgó irin ni kò sọ fún yín. Tẹ́ ẹ bá ní ó dìgbà tí àmì bá dúró jẹ́ẹ́ kẹ́ ẹ tó yìn ín, ẹ ó já ìka yín lójijì, ọta á sì gba ibòmíràn lọ. Ẹ jẹ́ kó máa jó lórí ibi tẹ́ ẹ fẹ́ ta, kẹ́ ẹ rọra fi ìka fa ohun tí ń yin ìbọn. Ti “ó ti sá lọ” yẹn náà, ọrùn ọwọ́ ni. Bí ẹnu ìbọn bá wọ́ díẹ̀, góńgó irin á ṣì yọjú, ẹ ó rí ibi tẹ́ ẹ ti ṣì í. Àmì pupa ní tiẹ̀ á jáde pátápátá kúrò nínú dígí. Orí kọ́ ni kẹ́ ẹ máa tẹ̀ kiri. Ẹ tẹjú mọ́ ibì kan lára ògiri, kẹ́ ẹ gbé ìbọn òfìfo wá bá ojú, léraléra, títí ọwọ́ á fi mọ̀nà fúnra rẹ̀. Kí ọta wà ní yàrá mìíràn o.

Ẹ̀yin lẹ fi fọ́tò Yusuf Dikeç ránṣẹ́ sí wa, bàbá ọmọ Tọ́kì yẹn tó kó ọwọ́ kan sápò yìnbọn ní Òlíńpíìkì Paris ní 2024, ẹni ọdún 51 tó gba fàdákà pẹ̀lú ọmọbìnrin ẹlẹgbẹ́ rẹ̀. Ìdíje tiwọn ò gba red dot, irin lásán ni. Ọwọ́ ló gba fàdákà yẹn, Bọ̀dá mi. Ẹ kọ́ ọwọ́, kí dígí lè rí ohun rere fi hàn.

Ọ̀kan kù. Ìbọn ń ta padà ní gbogbo ìgbà tẹ́ ẹ bá yìn ín, síkúrù tó de dígí náà mọ́ ìbọn á máa tú díẹ̀díẹ̀, ẹ kò sì ní fura títí ọta á fi máa yà. Ẹ tọrọ kútẹ́ẹ̀sì lọ́wọ́ ìyàwó wa, kẹ́ ẹ fi fa ìlà tín-ín-rín láti orí síkúrù dé ara ìdè rẹ̀. Ọjọ́ tí ìlà náà bá já sí méjì, síkúrù ti yí nìyẹn. Ẹ pààrọ̀ bátìrì kó tó kú, kẹ́ ẹ sì ti ìbọn mọ́nú àpótí onírin. Ọmọ tó ń bèèrè ṣúgà sí ẹ̀bà, kò sí ohun tí kò lè bèèrè.

Tẹ́ ẹ bá ń bọ̀ ní Kérésì, ẹ má mú ìbọn náà bọ̀ o, ẹ má fi sí àpò, ẹ má fi sínú dúrọ́ọ̀mù, mo bẹ̀ yín. Òfin ìbọn wa ti ọdún 1959 to ìbọn ìléwọ́ mọ́ àwọn tó jẹ́ èèwọ̀, àfi tí Ààrẹ bá fọwọ́ sí i. Ọ̀nà Mile 2 tó wà nítòsí wa yìí ni Kọ́sítọ́ọ̀mù ti mú kọ̀ǹténà tó ti wáàfù jáde ní oṣù kìíní ọdún 2017, ìbọn 661 ni wọ́n kó sẹ́yìn ilẹ̀kùn irin. Látìgbà náà ni ojú ti ń tọ ẹrù lẹ́yìn lọ́dọ̀ wa. Ẹ̀yin nìkan la fẹ́ rí.

Kẹ́ ẹ tó pa fóònù dé, ẹ ya fọ́tò ìwé awò yín tuntun, èyí tí dókítà ojú kọ nọ́ńbà sí, kẹ́ ẹ fi ránṣẹ́. Mo máa fọwọ́ ara mi gé lẹ́ǹsì náà, ẹnì kan tó ń lọ sí Houston lóṣù tó ń bọ̀ á mú un wá fún yín. Ẹ bá mi kí ìyàwó wa, ẹ bá mi kí gbogbo ilé.

Èmi ni àbúrò yín tòótọ́,
Onígíláàsì