Orúkọ Tí Ń Ṣe Iṣẹ́ Wáyà

Ilé là á wò kí a tó sọmọ lórúkọ, bẹ́ẹ̀ ni àwọn àgbà wí. Bí ọ̀rọ̀ yìí ti kan ọmọ ènìyàn náà ló kan ohun kan tí ọ̀pọ̀ nínú ẹ̀yin òǹkàwé mi lè má fọkàn sí, èyíinì ni ètò kọ̀ǹpútà tí à ń yà bí ẹni ya àwòrán. Àwa mẹ́rin kan ni a kóra jọ ní Àgbowó láti ya irú ètò bẹ́ẹ̀. Ohun tí a fẹ́ kí ó ṣe ni pé kí ènìyàn kọ oríkì ìlú kan sí i pẹ̀lú àmì ohùn, kí ẹ̀rọ ka àmì náà ní sílébù kọ̀ọ̀kan, kí ó sì fi ohùn ìyáàlù kì í, kí kẹríkẹrì, ìṣáájú àti gúdúgúdú máa gbè é lẹ́yìn. Bàbá onílù kan ti bá wa lu ohùn òkè, ti àárín àti ti ìsàlẹ̀ sínú ẹ̀rọ. Ọ̀sẹ̀ ẹgbẹ́ wa ni a fẹ́ fi í hàn, a sì ti sọ fún àwọn olùkọ́ wa pé a ó ṣe é. Ẹni tó bá mọ àwọn olùkọ́ wa yóò mọ̀ pé irú ìlérí bẹ́ẹ̀ kì í ṣe ohun tí à ń fi ṣeré.

Kí n tó tẹ̀ síwájú, ó yẹ kí n la ọ̀rọ̀ ètò yíyà yìí yé yín. Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé ẹni tó bá fẹ́ rán kọ̀ǹpútà níṣẹ́ gbọ́dọ̀ kọ ọ̀rọ̀ jáǹtìrẹrẹ sílẹ̀ lórí ìlà. Ọ̀nà mìíràn wà. Ènìyàn lè to àwọn àpótí kéékèèké sójú ẹ̀rọ, kí àpótí kọ̀ọ̀kan ní iṣẹ́ tirẹ̀, kí ó wá fa wáyà láti ìdí ọ̀kan lọ sí orí òmíràn. Ohun tó bá jáde nínú ti òkè ni yóò wọ inú ti ìsàlẹ̀. Ọ̀gbẹ́ni Miller Puckette ló ṣe irú rẹ̀ kan tí wọ́n ń pè ní Max ní ilé ìwádìí IRCAM ní Paris, ní nǹkan bí ogójì ọdún sẹ́yìn. Ní 1996 ó tún gbé òmíràn jáde, Pure Data lorúkọ rẹ̀, ọ̀fẹ́ sì ni. LabVIEW ti jáde ní 1986 fún àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì àti ẹnjiníà. Ní 2007 ni àwọn ará MIT ní Amẹ́ríkà gbé Scratch síta fún àwọn ọmọdé. Pure Data ni àwa lò. Ẹ má bèèrè ìdí rẹ̀. Mo ti ní ọ̀fẹ́ ni, akẹ́kọ̀ọ́ sì ni wá.

Nígbà tí àwòrán bá kéré, kò sí ohun tó dùn tó o. Bí nǹkan kò bá ṣiṣẹ́, ìka lásán ni ènìyàn yóò fi tọ wáyà láti ibi tí ó ti wá dé ibi tí ó ń lọ, gẹ́gẹ́ bí àwọn oníná ṣe máa ń dúró lẹ́bàá òpó, tí wọ́n a gbójú sókè, tí wọ́n a sì fi ojú tọ wáyà kan láti orí òpó wọ ilé onílé. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ti wo orí òpó kan ní Àgbowó dáadáa yóò mọ̀ pé wáyà lè pọ̀ débi tí ojú kò ní lè tọ̀ ọ́ mọ́. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni ti àwòrán wa rí nígbà tó yá. Wáyà gun orí wáyà, ó bo àpótí mọ́lẹ̀, ó sì rí wúruwùru bí irun tí òòyà kò kàn fún oṣù mẹ́ta.

Àwọn tó ṣe irú ètò wọ̀nyí mọ̀ pé yóò rí bẹ́ẹ̀, wọ́n sì ti pèsè ọ̀nà àbáyọ. Ènìyàn lè gé wáyà dànù pátápátá kí ó fi orúkọ rọ́pò rẹ̀. Nínú Pure Data, àpótí tí à ń kọ s sí, tí orúkọ kan tẹ̀ lé e, ni ó ń ránṣẹ́. Àpótí tí à ń kọ r sí, tí orúkọ kan náà tẹ̀ lé e, ni ó ń gbà á. Wọn ì báà wà ní fèrèsé ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, ohun tó bá wọ inú s yóò jáde nínú gbogbo r tó bá ń jẹ́ orúkọ yẹn. Scratch náà ní tirẹ̀: ọmọdé á sọ iṣẹ́ kan lórúkọ, á kéde rẹ̀, gbogbo ẹni tó bá ń retí orúkọ náà á dáhùn. Àwọn ẹnjiníà tí ń lo Simulink ní àpótí Goto àti From fún irú iṣẹ́ yìí kan náà. Ojú àwòrán á wá mọ́ tónítóní, bí àgbàlá tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ gbá.

Mímọ́ yẹn gan-an ni ó yẹ kí ènìyàn bẹ̀rù. Wáyà ṣeé rí, orúkọ tó rọ́pò wáyà kò ṣeé rí. Ẹ lọ sí ọjà Bódìjà, kí ẹ dúró láàrin àwọn aláta, kí ẹ ké pe “Ìyá Ìbejì!” Ó kéré tán, ìyá mẹ́ta ni yóò yíjú sí yín, olúkúlùkù a sì rò pé òun lẹ fẹ́ ra ata lọ́wọ́ rẹ̀. Bí ẹ bá sì ké pe ẹni tí kò wá sọ́jà lọ́jọ́ náà, kò sí ẹni tí yóò sọ fún yín pé kò sí níbẹ̀. Ọjà á kàn máa pariwo rẹ̀ lọ. Pure Data kò yàtọ̀ sí ọjà yìí. Bí àpótí s kan bá ń ránṣẹ́ sí orúkọ tí kò sí ẹni tó ń jẹ́ ẹ, ẹ̀rọ kò ní ké, kò ní fi pupa hàn, iṣẹ́ náà a kàn ṣòfò.

Ẹ wá gbọ́ bí ó ti ṣẹlẹ̀ sí wa. Ọ̀rẹ́ mi obìnrin kan tó ń kọ́ nípa orin ni ó ń ṣe àbójútó bí ìlù yóò ṣe ròkè tó. Ó sọ orúkọ ohun tó ń gbé e kiri ní ilu. Ìlù ni ó ní lọ́kàn. Ẹnì kejì, ọmọ Ìsẹ́yìn, ni ó ń to orúkọ àwọn ìlú tí a fẹ́ kì. Òun náà sọ tirẹ̀ ní ilu. Ìlú ni òun ní lọ́kàn. Fèrèsé ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni olúkúlùkù wọn ti ń ṣiṣẹ́, ọ̀kan kò sì rí ti èkejì. Nọ́ńbà ni a fún ìlú kọ̀ọ̀kan: Ìbàdàn jẹ́ 1, Ọ̀yọ́ jẹ́ 2, Ìsẹ́yìn jẹ́ 3, Ògbómọ̀ṣọ́ jẹ́ 4. Bẹ́ẹ̀, nínú Pure Data, láàrin -1 àti 1 ni ohùn ń rìn. Bí ènìyàn bá fi ohun tó pọ̀ ju 1 lọ sọ ohùn tó ti kún tẹ́lẹ̀ di púpọ̀, ohùn náà yóò fàya.

Ṣé ẹ rí ibi tí ọ̀rọ̀ dé? Nígbàkígbà tí a bá yan Ìbàdàn, ìlù á dún geere, nítorí 1 ni ohùn tó kún gẹ́lẹ́. Ìbàdàn ni a sì fi ń dán an wò lójoojúmọ́. Níbo ni a wà, àbí? Ọjọ́ tí a yan Ògbómọ̀ṣọ́, ìyáàlù bú ramúramù débi tí ọmọ onílé wa fi sá jáde. Ọmọ Ìsẹ́yìn ní ẹ̀rọ tí ń gbé ohùn jáde ló ti bàjẹ́, ó sì wọkọ̀ lọ sí Dùgbẹ̀ lọ ra òmíràn. Èyí tuntun náà bú ramúramù. Ẹ̀rín pa mí lóòótọ́, ṣùgbọ́n owó tí a dá jọ ni ó fi rà á, ọ̀sẹ̀ ẹgbẹ́ wa sì ku ọjọ́ mọ́kànlá.

Bí a ṣe mú un ni pé a kò tẹjú mọ́ àpótí mọ́, orúkọ ni a bẹ̀rẹ̀ sí í tọ̀. Àpótí kan wà tí wọ́n ń pè ní print. Ohun tó bá wọ inú rẹ̀, yóò kọ ọ́ sójú fèrèsé fún ènìyàn láti kà. A so print mọ́ àpótí r kan tó ń jẹ́ ilu, a sì rí i pé kí ẹnikẹ́ni tó fọwọ́ kan ìlù ni nọ́ńbà 4 ti dé síbẹ̀. Ta ló rán an? Ibí yìí ni mo ti fẹ́ràn Pure Data jùlọ, nítorí fáìlì rẹ̀ kì í ṣe àdììtú. Bí ènìyàn bá fi ẹ̀rọ ìkọ̀wé lásán ṣí i, yóò bá àpótí kọ̀ọ̀kan lórí ìlà tirẹ̀, pẹ̀lú orúkọ tó ń jẹ́. A ṣí gbogbo fáìlì wa lọ́kọ̀ọ̀kan, mo sì mú ìwé ńlá kan, mo fa ìlà sí i: orúkọ, ẹni tí ń rán an, ẹni tí ń gbà á, iṣẹ́ tó wà fún. Orúkọ mọ́kànlélógójì ni a kà. Mẹ́sàn-án nínú wọn ni wọ́n ń rán tí ẹnikẹ́ni kò gbà. Mẹ́ta ni wọ́n ń retí tí ẹnikẹ́ni kò rán. Ọ̀kan ṣoṣo, ilu, ni ẹni méjì ń rán tí kò yẹ kí ó rí bẹ́ẹ̀. Alẹ́ méjì ni ó gbà wá, ọ̀kan nínú rẹ̀ sì jẹ́ pẹ̀lú àbẹ́là nítorí iná lọ.

Mo ní kí a fi àmì ohùn sí orúkọ gbogbo, kí ìlù jẹ́ ìlù, kí ìlú jẹ́ ìlú. Gbogbo wa gbà bẹ́ẹ̀, èmi gan-an sì gbà pé èdè Yorùbá ti yanjú ọ̀rọ̀ náà fún wa. Ìlù àti ìlú yanjú lóòótọ́. Orúkọ mìíràn ni ó kọṣẹ́, èyíinì ni ọ̀rọ̀, tí ó ń gbé sílébù láti ọ̀dọ̀ ẹni tó ń ka oríkì lọ sí ọ̀dọ̀ ìyáàlù. Àpótí tí ń rán an ń jẹ́ ọ̀rọ̀. Àpótí tí ń gbà á ń jẹ́ ọ̀rọ̀. Ìyáàlù kò fọhùn. A fi ojú wò wọ́n, a kà wọ́n sókè, a gbé wọn súnmọ́ ara wọn, ọ̀kan náà ni wọ́n. A ní kí Pure Data fúnra rẹ̀ wá ọ̀rọ̀ fún wa. Ẹni tí ń rán an ló rí, kò rí ẹni tí ń gbà á.

Ẹnì kẹrin wa, tí ń kọ́ nípa kọ̀ǹpútà, ni ó ka iye àmì tó wà nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan. Èkíní ní márùn-ún, èkejì ní méje. Ìdí abájọ nìyí. Nínú Unicode, tí gbogbo kọ̀ǹpútà òde òní fi ń kọ lẹ́tà, ọ ní nọ́ńbà tirẹ̀, ṣùgbọ́n ọ̀ kò ní. Kíbọ́ọ̀dù kan a kọ ọ, a sì gbé àmì ìsàlẹ̀ lé e lórí. Kíbọ́ọ̀dù mìíràn a kọ o lásán, a fi àmì sí i nídìí, a tún wá gbé àmì sí i lórí. Òmíràn a bẹ̀rẹ̀ láti ò kó tó fi àmì sí i nídìí. Àwọn kan tilẹ̀ wà tí wọ́n ń fa ìlà kékeré sí ìdí rẹ̀ dípò àmì tó-tó. Lójú wa, ọ̀rọ̀ ni gbogbo wọn. Lójú Pure Data, tí kì í wo ìrísí bí kò ṣe nọ́ńbà, àjèjì pátápátá ni wọ́n sí ara wọn.

Ọ̀rọ̀ náà dùn mí ju bó ti yẹ lọ. Ní 1875 ni àwọn baba wa ti jókòó ní Èkó lórí bí a ó ṣe máa kọ Yorùbá. Ní 1965 ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Ayọ̀ Bámgbóṣé ti Ìbàdàn níbí kọ ìwé lórí àkọtọ́ wa, ní 1974 sì ni ìjọba fọwọ́ sí àkọtọ́ tí à ń lò. Kí a wá ṣe gbogbo èyí tán kí ẹ̀rọ máa ya ọ̀rọ̀ sọ́tọ̀ kúrò lára ọ̀rọ̀!

Ẹnì kẹrin ní kí a kúkú bọ́ gbogbo àmì kúrò. Ó ní orúkọ inú ẹ̀rọ kì í ṣe ewì, ẹ̀rọ nìkan ni yóò kà á. Bí a bá bẹ̀rù ilu àti ilu, kí ọ̀kan máa jẹ́ ilu_ariwo kí èkejì máa jẹ́ ilu_ibugbe. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò ṣeé dà nù, mo sì gbà nínú rẹ̀ pé kí orúkọ kọ̀ọ̀kan jẹ́ ọ̀rọ̀ méjì. Ṣùgbọ́n n kò gbà pé ẹ̀rọ nìkan ni yóò kà á. Àwa ni à ń kà á, ní òru, nígbà tí nǹkan bá bàjẹ́. Ètò tí gbogbo iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ kíka àmì ohùn, tí a bá wá bọ́ ohùn kúrò lára orúkọ inú rẹ̀, kí ni a ó sọ fún bàbá onílù tó fún wa ní ohùn náà? A jiyàn títí ilẹ̀ fi fẹ́rẹ̀ẹ́ mọ́. Níkẹyìn, àmì dúró, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó gbọ́dọ̀ fi ọwọ́ tẹ orúkọ mọ́: inú ìwé àkójọ kan ṣoṣo lórí ẹ̀rọ ni olúkúlùkù yóò ti ṣe àdàkọ rẹ̀. Òun náà kọ ètò kékeré kan tí ń sọ gbogbo ọ̀rọ̀ inú fáìlì di irú ìkọsílẹ̀ kan náà kí a tó ṣí i. Fún orúkọ tí kò yẹ kí ó jáde kúrò nínú fèrèsé tirẹ̀, a ń kọ $0 ṣáájú rẹ̀. Pure Data a fi nọ́ńbà tí fèrèsé mìíràn kò ní rọ́pò rẹ̀, bí ìgbà tí a bá ní Ìyá Ìbejì ti ìsọ̀ báyìí.

A ki Ògbómọ̀ṣọ́ lọ́jọ́ tí a dá, ìyáàlù kò sì bú mọ́ ẹnikẹ́ni. Bàbá onílù gbọ́ ọ, ó ní ohùn yè, ṣùgbọ́n gúdúgúdú ń pẹ́ kó tó wọlé. Mo ti wo ìwé ńlá náà. Orúkọ tí ń pe gúdúgúdú ni ìlù_ìgbè. Ẹnì kan ṣoṣo ló ń rán an, ẹni méjì ló ń gbà á, a kò sì tíì mọ ẹni tó ya èkejì.